Ẹni Mẹ́fà Tí Wọ́n Rí Nínú Ẹ̀jẹ̀ Ìyàwó Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kí o tó ka ìwé yìí, wá ibì kan jókòó, gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ sílẹ̀, kí o sì pe ẹnì kan tó lè dì ọ́ mú sí tòsí, nítorí ìròyìn tí mo fẹ́ fún ọ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń gbọ́ lórí ìdúró. Láti ìgbà tí mo ti di olórí ilé, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Mo rò ó títí bóyá kí n fi pamọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ni òkú ni à ń túfọ̀ fún. Ìdérí kẹ́tùlù wa ti sọnù.

Nígbà tí mo ti sọ èyí tó wúwo jù, jẹ́ kí n wá kí ọ bó ṣe yẹ. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé àwọn yàrá tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ tí ẹ ń tún ṣe nínú àwọn ilé gíga yẹn kò tíì já lu ẹnikẹ́ni? Kí Ọlọ́run tó ń gbé ènìyàn ga láìlo iná mànàmáná gbé ọ ga, kí Ó má sì dá ọ dúró láàárín àjà kejì sí ìkẹta. Àmín. Àwa náà wà níhìn-ín. Ẹsẹ̀ mi òsì ṣì ń dùn mí bí òjò bá ṣú, ìyá rẹ ń kí ọ, ìyàwó rẹ náà ń kí ọ láti orí ibùsùn. Ìdí tó fi wà lórí ibùsùn ń bọ̀ níwájú, ohun kékeré ni, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ìdérí kẹ́tùlù ló tò sí.

O mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ka ènìyàn fún ìjọba, àti pé ẹ̀wù aláìlápá tí wọ́n fún mi ṣì wà níbi tí mo gbé e kọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè mí ní Ìjọba títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba gan-an kò pè mí mọ́. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ kéde pé wọ́n fẹ́ pín àwọ̀n ẹ̀fọn, pé kí olórí ilé kọ̀ọ̀kan kọ iye ènìyàn tó wà lábẹ́ òrùlé rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, àwọn ẹlòmíràn ń fi ẹnu ka ọmọ, èmi gbé rúlà jáde. Òfin ìkànìyàn kò fi igbá kan bọ̀kan nínú: ẹni tí kò bá sùn nínú ilé, a kì í kà á mọ́ ilé. Mo wá fi rúlà fa ìlà gba orí orúkọ rẹ. Má bínú, mi ò ṣe é pẹ̀lú ìkanra. Ọdún mẹ́rin rèé tí o ti sùn níbí kẹ́yìn. Nígbà tí o mú ìyàwó rẹ wá pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́ta, tí o ní yàrá yín nígboro kò gba ọmọ, ẹnu géètì lo ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, o ní ọkọ̀ ń dúró dè ọ́. Mo wo aago mi. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá lo lò. Òfin kò ní àyè fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Nítorí náà mo kọ ẹni mẹ́ta: èmi, ìyá rẹ, àti ìyàwó rẹ. Ìyá rẹ wo ìlà tí mo fà náà, ó lọ gbé omi kaná.

Ṣùgbọ́n ìwé tí kò ní òǹtẹ̀ róbótó lórí kò yàtọ̀ sí ìwé tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà. Ọ̀sán ọjọ́ kan náà, ọjọ́ Ajé, ni mo wá irin róbótó kan tó bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo gbé e lé fọ́ọ̀mù, mo fi bírò yí i ká, mo kọ ỌFÍÌSÌ OLÓRÍ ILÉ sí àárín rẹ̀. Irú òǹtẹ̀ náà lo ń wò lókè lẹ́tà yìí. Wò ó dáadáa, kò sí ibi tó ti wọ́.

Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àjálù náà ṣẹlẹ̀. Ìyá rẹ fẹ́ se omi gbígbóná fún mi, kò rí ìdérí kẹ́tùlù. O mọ̀ pé mi ò lè mu omi tí èéfín ti wọ̀. Mo pàṣẹ pé kí gbogbo ilé dìde wá a. Èmi dúró nínú yàrá mi láti máa darí ètò náà, ìyá rẹ wá gbogbo ilé ìdáná, ìyàwó rẹ wá ẹ̀yìnkùlé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo ẹ̀yìn àgbá omi, ibẹ̀ tutù, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó sì fi ikùn gbá etí àtẹ̀gùn. Oyún oṣù méje. Ìdérí náà, a kò rí i.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ní ọmọ ṣì ń ta ẹsẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lápá rẹ̀, wọ́n ní kí a padà wá lọ́jọ́ kejì. Mo ní kí télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa bá mi tẹ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tí èsì rẹ fi wọlé. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀, àtàǹpàkò kan ṣoṣo ni. Télọ̀ ní, Ìjọba, ọmọ yín ní ó dáa. Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé ìyàwó rẹ̀ ṣubú pẹ̀lú oyún, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ní ó dáa? Ìka lo tẹ̀, o tẹ̀ka gẹ́gẹ́ bí ọkọ pé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Inú mi dùn pé ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ kò ṣòfò. Mo mú fóònù náà tọ nọ́ọ̀sì lọ, mo ní ìtẹ̀ka ọkọ rèé. Ó wo fóònù, ó wò mí, ó béèrè pé ṣé gbogbo ohun tí ọkọ sọ nìyẹn. Mo ní gbogbo rẹ̀ ni. Ó ní kò burú.

Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ mí lóminú. Àtàǹpàkò náà pupa rúsúrúsú. Ṣé bí ara rẹ ṣe rí nìyẹn? Ẹyinjú rẹ ńkọ́? Lọ wo ara rẹ nínú dígí, kí o sì jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ọ́ wò, nítorí pé nínú ilé tiwa, a kì í fi ọ̀rọ̀ ara pípupa rúsúrúsú ṣeré. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Lọ́jọ́rú, kí àwa tó múra àtipadà sí ilé ìwòsàn, télọ̀ sáré wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní ibi tí òun ti ń wọn fèrèsé wọn fún kọ́tìnì lòun ti gbọ́ tí ọkùnrin tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun ti rí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn nínú ẹ̀jẹ̀ ìyàwó wa. Ó ní òun fi etí ara òun gbọ́ iye rẹ̀. Mẹ́fà. Ó ní nínú ìkánjú, òun gbàgbé téèpù òun sí ojú fèrèsé. Ó ní, Ìjọba, ẹni mẹ́fà!

Ọmọ mi, bó bá jẹ́ bàbá mìíràn ni, ariwo ni ì bá kọ́kọ́ pa. Èmi kọ ìwé ìpè. Mo fún gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ní wákàtí mẹ́rìnlélógún láti múra, gẹ́gẹ́ bí ìlànà. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé kí a má jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́ta kọjá bí abẹ́rẹ́ bá wà láti gbà, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ló ń ṣáájú abẹ́rẹ́, mo sì ní kí ẹnikẹ́ni má jáde.

A jókòó lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Èmi ni alága, télọ̀ ni ẹlẹ́rìí, ìyá rẹ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ìyàwó rẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ikùn rẹ̀ mú. Mo fi sùúrù bi í pé kí ó dárúkọ àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó ti orúkọ bàbá bẹ̀rẹ̀. Ó ní, Bàbá, ẹni mẹ́fà, níbo? Mo ní nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo lòun mọ̀ tó wà nínú òun, bó bá wá ti pe àwọn ará rẹ̀ wọlé, kí a béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fi àtàǹpàkò ránṣẹ́. Télọ̀ wúkọ́. Ìyá rẹ ní kí ẹni tó ti ń rán bùbá kan ṣoṣo fún òun láti ẹ̀ẹ̀rùn èṣí má wúkọ́ sí ọ̀rọ̀ ilé onílé. Télọ̀ ní apá rẹ̀ ló kù. Ìyá rẹ ní apá ta ni, ṣé apá ẹyẹ ni? Mo lu tábìlì, mo ní kí gbogbo wọn pa ẹnu mọ́. Ìyàwó rẹ ní ikùn ń ro òun. Mo ní yóò kan ìyẹn ní ìpín kẹrin ètò ìjókòó wa.

Ibẹ̀ la wà tí ọkọ̀ ilé ìwòsàn fi dúró, tí nọ́ọ̀sì wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ó béèrè pé obìnrin náà dà? Ó ní ọjọ́ méjì ti lọ nínú ọjọ́ mẹ́ta, kí ni ẹ ń ṣe? Mo ní a ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni mẹ́fà ni. Ó béèrè ẹni mẹ́fà wo, mo sì sọ fún un. Ọmọ mi, obìnrin náà fa àga, ó jókòó, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi sọ̀rọ̀.

Ó ní ohun kékeré kan wà tí ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní, tí ti ìyàwó wa kò ní. Ọmọ inú rẹ̀ ní in, ọ̀dọ̀ rẹ ló ti mú un. Ògiri wà láàárín ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ṣùgbọ́n bí ìyá bá ṣubú, ògiri lè sán, ti ọmọ a sì jò sínú ti ìyá. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó jò, wọ́n a tẹ́ ẹ̀jẹ̀ ìyá sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, wọ́n a fi omi kíkan kan fọ̀ ọ́, hóró ẹ̀jẹ̀ ìyá a ṣá bí aṣọ àlòkù, ṣùgbọ́n ti ọmọ kì í ṣá, pípọ́n ni yóò máa pọ́n. Ó ní nínú ẹgbẹ̀rún méjì hóró tí wọ́n kà, mẹ́fà ló pọ́n. Ó ní hóró mẹ́fà ni, Bàbá, kì í ṣe ènìyàn mẹ́fà, ẹnì kan ṣoṣo ló ni gbogbo wọn, ọmọ ọmọ yín ni. Télọ̀ ní òun fẹ́ lọ mú téèpù òun.

Mo ní bó bá jẹ́ ọmọ ilé ni, kí ni abẹ́rẹ́ wà fún? Ó ní ara ìyá kò mọ̀ pé ọmọ ni. Àlejò ni yóò pè é, yóò sì kọ́ bí a ti ń bá a jà. Ó ní èyí tó wà nínú lè bọ́, nítorí ẹ̀kọ́ ìjà máa ń gba àkókò, ṣùgbọ́n àwọn tó bá tẹ̀ lé e ni yóò bá ogun lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní abẹ́rẹ́ yóò gbá hóró ọmọ kúrò kí ara ìyá tó rí i, iye tí wọ́n kà ni wọ́n fi ń mọ bí abẹ́rẹ́ yóò ti pọ̀ tó. Ó ní bí a kò bá fún un, àwọn àbúrò rẹ̀ lè wáyé láìlẹ́jẹ̀ lára, kí ara wọn pupa rúsúrúsú, kí wọ́n má sì dúró.

Ibi tó dé “pupa rúsúrúsú” ni ìyá rẹ dìde. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ alága. Mo ní kó jókòó, ìpín kẹrin àti ìkarùn-ún ṣì kù.

Ìwọ nìkan lo wà, ṣùgbọ́n ìwọ nìkan kọ́ la bí. Àwọn méjì tẹ̀ lé ọ. Àwọn méjèèjì pupa rúsúrúsú. Ọ̀kan lo ọjọ́ mẹ́sàn-án, èkejì lo mẹ́rin. Gbogbo ènìyàn ló ní ohun tí wọ́n sọ nípa ìyá rẹ nígbà náà, àwọn ará ilé tiwa ló sọ èyí tó pọ̀ jù, èmi gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ẹbí, mo sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé náà ṣì wà. Mo wá a jáde lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, mo kà á láti òkè délẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára nígbà náà.

Ìyá rẹ wọlé, ó gbé báàgì ìyàwó rẹ, ó fà á lọ́wọ́, ó ní, dìde, ìyá mi, wọ́n ò ní fi ìwé dá tìrẹ náà dúró. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ọkọ̀. Mo ṣì ń ka òfin tó ní kí a tún iye kà kí a tó gbà á, nígbà tí ọkọ̀ ṣí. Mo fi ẹsẹ̀ òsì mi yìí tẹ̀ lé wọn títí mo fi dé ibẹ̀.

Mo sọ fún ọkùnrin tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò pé ẹni tí olùkànìyàn kò fi ojú rí, kò gbọdọ̀ kọ ọ́. Kò bá mi jà, ó ní kí n wá fi ojú kan lé ẹnu ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ọmọ mi, mo wò. Hóró ẹ̀jẹ̀ ìyàwó rẹ pọ̀ lọ bí ẹni pé wọ́n da ìpẹ́ ẹja sílẹ̀, gbogbo wọn ti ṣá, bí òjìji ni wọ́n rí. Láàárín wọn ni ọ̀kan wà tó pọ́n, tó dá dúró, tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́. Mo ṣí fìlà. Mo kí i, mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un. Kò dáhùn, ó ti rìn jìnnà, ó lè ti rẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí mo ń kí i lọ́wọ́ ni mo gbọ́ tí ìyàwó rẹ ní yéè lẹ́ẹ̀kan nínú yàrá kejì. Wọn kò dúró de ìbuwọ́lù mi. Mo ti kọ̀wé fi ẹ̀hónú hàn.

Nọ́ọ̀sì wá gba ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ náà, nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn méjì yẹn. Ohun tí kò sí nínú ti ìyàwó rẹ, kò sí nínú tiẹ̀ náà. Ó sọ fún ìyá rẹ pé kì í ṣe ohun tó jẹ, kì í ṣe ohun tó ṣe. Ìyá rẹ ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ìyá rẹ ní kó wá sọ ọ́ sí etí tèmi, nítorí pé èmi ni akọ̀wé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá rẹ wá béèrè pé àwọn nǹkan ọmọ tó ń jò sínú ìyá yìí, ìgbà wo ni wọ́n ń lọ? Nọ́ọ̀sì ní hóró ẹ̀jẹ̀ kì í ju oṣù mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé ti rí irúgbìn ọmọ mìíràn nínú ara àwọn ìyá kan lẹ́yìn ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún. Ìyá rẹ ní, àní àwọn tí kò dúró? Nọ́ọ̀sì ní ó ṣeé ṣe. Nígbà tí wọ́n ń gbé wa bọ̀ wálé, ìyá rẹ ní kí dẹ́rẹ́bà rọra wa ọkọ̀, òun gbé ènìyàn dání. Dẹ́rẹ́bà wo ìyàwó rẹ. Ìyá rẹ ní, èmi ni mò ń wí.

Bí a ti délé, ìyá rẹ gbé fọ́ọ̀mù àwọ̀n ẹ̀fọn síwájú mi, ó ní kí n kọ orúkọ rẹ padà. Mo ní òfin ni, o kì í sùn níbí. Ó ní, inú mi ló ń sùn sí. Mo wá gbogbo ìwé òfin mi láti òkè délẹ̀, lẹ́yìn náà mo mú bírò. Ó ní èyí tó wà nínú òun tilẹ̀ gbọ́n ju èyí tó wà nígboro lọ, kì í fi àtàǹpàkò dáhùn ọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ní kó sinmi, ìyá rẹ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mú ìwé lọ́wọ́ wọ yàrá rẹ̀. Èmi ló ń bá wí.

Nítorí náà, wá sílé. Wá lo ju ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ, kí o sì mú àtàǹpàkò rẹ gan-an wá kí a wo àwọ̀ rẹ̀. Bí o bá ń bọ̀, fi owó kékeré kan ṣáájú fún kẹ́tùlù tuntun, èyí tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so ìdérí rẹ̀ mọ́ ọn, kí irú ewu yìí má baà tún wọlé tọ̀ wá. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilé rẹ di ibi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́. Ọ̀nà tí o gbà lọ, kí ó rántí ẹsẹ̀ rẹ nígbà àbọ̀. Ọmọ tí ìyàwó rẹ gbé, yóò wáyé láyọ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ yóò bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, olórí ilé.

ÌKÉDE LÁTI ỌFÍÌSÌ OLÓRÍ ILÉ

A fi èyí kéde fún tèwe-tàgbà pé iye ènìyàn inú ilé yìí ti yí padà láti mẹ́ta sí méje, báyìí: olórí ilé, ẹnì kan, ìyàwó ọmọ, ẹnì kan, ọmọ inú rẹ̀, ẹnì kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi méjì ni wọ́n ti rí i, ìyá ilé, ẹnì kan, àwọn tó ń sùn nínú rẹ̀, mẹ́ta.

A tún kéde pé ìdérí kẹ́tùlù tó sọnù ti di rírí. Ìyá ilé ló rí i ní òwúrọ̀ òní lórí tábìlì olórí ilé, nígbà tí olórí ilé ń fi í ya òǹtẹ̀ ìkéde yìí. Bó ṣe dé ibẹ̀ wà lábẹ́ ìwádìí. Olórí ilé ló ń ṣe ìwádìí náà. Ìbéèrè owó kẹ́tùlù tuntun kò yí padà.

Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ ìdérí náà tó ìyàwó wa létí lórí ibùsùn rẹ̀. Àtàǹpàkò ló nà sí wa.